Ejò àti Ekòló

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, bí o bá ń ka The Transformers, ìwé ìtàn aláwòrán tí ilé-iṣẹ́ Marvel bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1984, má ṣe jẹ́ kí ìjà àwọn òmìrán onírin gbà ọ́ lọ́kàn tán. Ẹ̀yà méjì ni wọ́n: Autobots ń dáàbò bo ènìyàn, Decepticons ń pa wọ́n lára. Ṣùgbọ́n irin nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí, wọn kò sì fọkàn tán èyíkéyìí nínú wọn.

Wo Josie Beller. Shockwave, ọ̀kan nínú àwọn Decepticons, ṣe é léṣe títí ara rẹ̀ fi rọ. Ó fi ọgbọ́n ẹ̀rọ gbé ara rẹ̀ dìde, ó sì dojú ìjà kọ gbogbo òmìrán onírin, títí kan àwọn tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ejò bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí pé ó sá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yìn ín bí ó bá pa ekòló? Ohun tí ìtàn yìí fi níye lórí nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo ìjà pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Mọ́remí, tí ìtàn wí pé ọmọ Ọ̀fà níhìn-ín ni, kò ṣe bíi Josie. Nígbà tí àwọn ará Ifẹ̀ rí ìko lára àwọn tí ń kó wọn lẹ́rú, tí wọ́n sì rò pé iwin ni wọ́n, ó lọ wádìí ẹni tí ó wà nínú ìko náà.

Bí a bá ṣẹ̀ ọ́, kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ ọ́.