Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Òfurufú Lábẹ́ Kẹ̀kẹ́ Márúwá

Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń dúró de èrò Festac ní Kúje, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo táyà iwájú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni irin ti gbá a mú. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo. Ti ọ̀kadà kò rí bẹ́ẹ̀, irin méjì ló há táyà tirẹ̀ sáàárín. Ọkọ̀ òfurufú ni iṣẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ gbé irú ẹsẹ̀ yìí sábẹ́ Vespa, bàbá ńlá kẹ̀kẹ́ yìí.

Corradino D'Ascanio ni, ará Ítálì tí hẹlikópítà tó ṣe ti fò ní 1930. Kò fẹ́ràn alùpùpù rárá. Iléeṣẹ́ Piaggio, tí Rinaldo Piaggio dá sílẹ̀ ní 1884, ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ń ṣe ní Pontedera kí bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì tó ba ibẹ̀ jẹ́. Enrico, ọmọ Rinaldo, ní kí wọ́n ṣe ohun tí mẹ̀kúnnù lè gùn. Àkọ́ṣe wọn kò wù ú, ló bá pe D'Ascanio.

Gbogbo ohun tó ń bí ọkùnrin yìí nínú lára alùpùpù ló tún ṣe. Ṣéènì ń ta gíríìsì síni lára? Ó yọ ọ́ dànù, ó gbé ẹ́ńjìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, jíà ń yí táyà tààrà. Táyà tó jò ṣòroó tú? Ó fi ẹ̀gbẹ́ kan gbé e bí ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ òfurufú fi ń balẹ̀: ẹ tú nọ́ọ̀tì, kí sípéà wọlé. Jíà kúrò lẹ́sẹ̀, ó di ohun tí ọwọ́ òsì ń yí pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì. Èyí tó wù mí jù ni pé kò sí férémù lábẹ́ rẹ̀. Páànù tí wọ́n tẹ̀ ló ń ru ẹrù fúnra rẹ̀, àárín sì ṣí sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹni tó ró ìró lè gùn ún láì gbé ẹsẹ̀ sókè.

Wọ́n forúkọ ìhùmọ̀ náà sílẹ̀ ní 23 oṣù kẹrin 1946. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 98 cc. Oníwọ̀n 125 tó tẹ̀ lé e ló sì dára fún ọ̀nà jíjìn. Vespa ní àbùkù o. Ẹ́ńjìnì apá ọ̀tún ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, táyà kékeré yẹn kì í sì í bá kòtò ṣeré.

Ní 1948, Piaggio ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta akẹ́rù láti ara rẹ̀, wọ́n pè é ní Ape. Bajaj ti Íńdíà gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ní nǹkan bí 1960. Nígbà tó yá, ó ṣe ẹlẹ́sẹ̀ méjì tirẹ̀, Chetak, ní 1972. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta Bajaj ló wá kún Èkó, ó sì gba orúkọ Buba Marwa, tó ṣàkóso ìpínlẹ̀ náà láti 1996 sí 1999. Ẹ́ńjìnì ti yí padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì awakọ̀ ṣì ń yí jíà. Ríìmù táyà náà ṣì jẹ́ abala méjì tí bọ́ọ̀tì so pọ̀, kò gba kí fọganáísà máa fi irin jà. Kó ṣáà ti tú afẹ́fẹ́ tán kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀tì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, abala kan á fò lù ú lójú.