Ọgbà, Ọ̀rẹ́ àti “Ọkọ Mi”: Ohun tí Ìtàn Àròsọ Ìlú Kékeré Ń Béèrè Lọ́wọ́ Èdè Yorùbá

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ nípa obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń ṣọ̀rẹ́ ní ìlú kékeré, tí wọ́n jọ ń gbin ẹ̀fọ́, tí ìfẹ́ sì wọ ọ̀rọ̀ wọn, kí ni èdè Yorùbá máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tí èdè Faransé kò ní béèrè? Ìdáhùn mi ni pé ibi méjì ni iṣẹ́ wà: bí àwọn ẹ̀dá-ìtàn ṣe ń pe ara wọn, àti bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀ tí wọ́n ń ro.

1. Ta ni lẹ́tà náà ń bá sọ̀rọ̀?

Lítíréṣọ̀ Yorùbá kò ṣàìní ohùn obìnrin. Láàárín ọdún 1929 sí 1930 ni I. B. Thomas tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde ní lẹ́tà-lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Obìnrin ló ń sọ ìtàn ìfẹ́ ara rẹ̀, ọkùnrin ló ń kọ ọ́. Olóòtú, tí í ṣe Thomas fúnra rẹ̀, ni a sì kọ àwọn lẹ́tà náà sí. Sẹ̀gilọlá ń jẹ́wọ́ fún gbogbo ìlú. Ní 1979, Mariama Bâ gbé Une si longue lettre jáde ní Dakar. Lẹ́tà obìnrin ni èyí náà, ṣùgbọ́n Aïssatou, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe, ni Ramatoulaye ń kọ ọ́ sí. Ẹni tí a kọ lẹ́tà sí ló yí gbogbo nǹkan padà: ìjẹ́wọ́ di ìránnilétí ohun tí àwọn méjèèjì jọ fojú rí.

“Tu” ni Bâ fi so wọ́n pọ̀. Nígbà tí Modupé Bodé-Thomas túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1981, “you” gbé tu àti vous mì pọ̀. Àwa ní “o” àti “ẹ”, ó sì rọrùn fún ẹni tó kàwé ní Faransé láti rò pé wọ́n bá tu àti vous dọ́gba. Wọn kò dọ́gba.

2. “Ọkọ mi”

Nínú ìtàn Faransé, vous lè di tu bí ìfẹ́ bá ṣe ń wọra. Láàárín àwọn obìnrin agbo ilé Yorùbá, ìfẹ́ kì í sọ “ẹ” di “o” bẹ́ẹ̀. Ta ló ṣáájú wọlé? Ìyẹn ló ń pinnu rẹ̀. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tẹnu mọ́ ọn nínú The Invention of Women (1997) pé ipò àgbà ni Yorùbá kọ́kọ́ ń wò, kì í ṣe akọ tàbí abo. Ìyàwó ọgbọ̀n ọdún lè máa kí ọmọbìnrin ilé tí kò ju ogún ọdún lọ pé “ẹ káàárọ̀”, kí ó sì máa pè é ní “ọkọ mi”.

Ẹ wo ohun tí èyí lè fún òǹkọ̀wé. Ká ní ìyàwó ilé kan àti ọmọ ilé kan ni ọ̀rẹ́ méjèèjì. “Ẹ” kò ní kúrò lẹ́nu ìyàwó títí ìtàn yóò fi parí, síbẹ̀ òǹkàwé gbọ́dọ̀ rí i pé ọ̀rẹ́ wọn ń jinlẹ̀: nínú àwàdà, nínú orúkọ tí ìyàwó fún ọmọ ilé, nínú ohun tí wọ́n mọ̀ tí wọn kò sọ. Bí ọmọ ilé bá wá rí àfẹ́sọ́nà, “ọkọ mi” fẹ́ lọ di ìyàwó ní ilé ẹlòmíràn nìyẹn. Ìpè kan ṣoṣo ti gbé ìfẹ́, owú àti ìpínyà dání. Òǹkọ̀wé tó bá sọ “ẹ” di “o” láàárín ìtàn láti fi ìsúnmọ́ra hàn ti da ọrọ̀ yìí nù.

A lè takò mí pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá kò ka èyí sí mọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré ni a ń sọ, níbi tí ẹni tí ó bá ṣi ìpè lò yóò ti gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

3. Ọgbà wo?

Nínú Efuru (1966), Flora Nwapa kò fi ilẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Efuru kọ̀ láti bá ọkọ rẹ̀ lọ sóko, ó ní òwò lòun ó ṣe. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti sọ irú ẹni tó jẹ́ fún wa. Èyí ni “ọgbà” tí a fi ń túmọ̀ jardin kò lè ṣe fúnra rẹ̀, nítorí odi tó yí nǹkan ká wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ọgbà ilé-ìwé, ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀fọ́ obìnrin lè wà ní ẹ̀yìnkùlé, ní oko etílé, tàbí ní àkùrọ̀ lẹ́bàá odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yìnkùlé jẹ́ ti agbo ilé, etí ọkọ sì ń gbọ́ ibẹ̀. Àkùrọ̀ jìnnà, ọ̀rọ̀ àṣírí sì rí ààyè níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ ewé: ní ọjà Gbossimé, ẹni tó béèrè ademe àti ẹni tó béèrè ewédú ń ra ewé kan náà, ṣùgbọ́n a ti mọ ilé tí oníkálukú ti wá. Bí òǹkọ̀wé bá kọ “ẹ̀fọ́” nìkan, ó ti pa ìmọ̀ yẹn rẹ́.

Síbẹ̀, kí a má sọ “ọgbà” nù. Nínú ìwé Bâ, ọgbà kan, èyí tí Faransé ibẹ̀ ń pè ní tapade, ló pààlà sáàárín ilé ìyá àgbà àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì. Ohun tó pààlà ilé méjì náà ni àwọn aládùúgbò fi ń gbọ́ ohùn ara wọn. “Ọgbà” Yorùbá gba odi náà àti ohun tí a gbìn sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn yìí ní èdè wa ti ní àkòrí rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ó kàn má lọ yá jardin wá rọ́pò rẹ̀ ni.