Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀rọ Aṣojú: Àgbéyẹ̀wò Àpèjúwe Irinṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí kúrú púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi kọ wọ́n. Lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ lè béèrè pé kí ló kan òun nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé ọ̀rọ̀ náà ní òǹkọ̀wé, ó ní òǹkàwé, ohun tí òǹkàwé bá sì rí kà nínú rẹ̀ ni yóò ṣe, lórí fáìlì onífáìlì.

Ẹ̀rọ aṣojú ni a pe ètò kọ̀ǹpútà olóye tí ènìyàn lè rán níṣẹ́, tí yóò sì fúnra rẹ̀ yan irinṣẹ́ tí yóò fi jẹ́ iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ OpenAI fún àwọn tí ń kọ ètò ní ọ̀nà láti to irinṣẹ́ síwájú ẹ̀rọ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Anthropic gbé ìlànà tí wọ́n pè ní Model Context Protocol jáde, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ohun tí ẹ̀rọ ń rí nípa irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni orúkọ rẹ̀, àpèjúwe rẹ̀, àti àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ fi lé e lọ́wọ́ kí ó tó ṣiṣẹ́. Kì í rí inú irinṣẹ́ náà.

Yorùbá gbà pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Ẹni tó ń kọ àpèjúwe fún akẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ààbọ̀, nítorí akẹgbẹ́ náà lè ṣí inú ètò wò, ó sì lè béèrè. Bí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ bá dénú ẹ̀rọ, níbẹ̀ náà a di odidi. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni odidi náà? Ẹ̀rọ kì í sábà fi àyè sílẹ̀ lófo. Ohun tó bá jọ ohun tó ti kà rí ni yóò fi dí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan lára àwọn irinṣẹ́ àwòkọ́ṣe tí wọ́n ṣe fún ìlànà náà, èyí tí a pè ní write_file. Nínú ẹ̀dà tí mo kà, àpèjúwe rẹ̀ sọ pé yóò dá fáìlì tuntun sílẹ̀, tàbí kí ó kọ ọ̀rọ̀ tuntun bo èyí tó wà tẹ́lẹ̀ pátápátá. Ó ní kí a lò ó pẹ̀lú ìṣọ́ra, torí pé kì í kìlọ̀ kí ó tó kọ̀wé bo fáìlì. Apá kìn-ín-ní dára. Kò fi òfò pamọ́. ‘Pẹ̀lú ìṣọ́ra’ ni mo bá jà. Ìwà ni ìṣọ́ra, kì í ṣe iṣẹ́. Ṣé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ka fáìlì náà ni? Ṣé kí ó bi ẹni tó ni ín? Àbí kí ó kàn ṣe é jẹ́jẹ́? Èyí tó tún burú jù ni pé irinṣẹ́ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, edit_file, tó ń yí ìlà díẹ̀ padà láìfọwọ́ kan ìyókù, àpèjúwe write_file kò sì dárúkọ rẹ̀. Bí olùkọ́ kan bá ní kí ẹ̀rọ tún àṣìkọ kan ṣe nínú orí kẹta ìwé rẹ̀, irinṣẹ́ méjèèjì ló lè ṣe é. Ọ̀kan yóò tún ọ̀rọ̀ kan kọ. Èkejì yóò tún gbogbo orí kọ. Bí ẹ̀rọ bá sì gbàgbé ìpínrọ̀ méjì lójú ọ̀nà, wọ́n ti lọ nìyẹn.

Irinṣẹ́ fetch, tó ń mú ojú-ìwé wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, gba ọ̀nà mìíràn. Ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbólóhùn kan, lẹ́yìn náà ó yíjú sí òǹkàwé, ó pè é ní ‘ìwọ’, ó sì rán an létí pé tẹ́lẹ̀ rí kò lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti ní kí ó máa kọ̀, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ọ̀nà ti là. Àrọwà nìyí, kì í ṣe àpèjúwe. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí ẹ̀rọ tí a ti kọ́ láti kọ̀ yóò máa kọ̀. Ṣùgbọ́n àyè tí a fi ṣàrọwà ni a kò fi sọ ìgbà tí kò yẹ kí a lò ó. Agbára àrọwà yìí kan náà ni oníṣẹ́ ibi lè lò: ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Invariant Labs fi hàn pé a lè fi àṣẹ pamọ́ sínú àpèjúwe irinṣẹ́, tí ẹ̀rọ yóò kà, tí ẹni tó ń lò ó kò sì ní rí. Ó mú ni rántí ẹni tí wọ́n fi àrokò rán, tó gbé ìdìpọ̀ náà láti ìlú dé ìlú láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun gan-an ló wà nínú rẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe wá díwọ̀n àpèjúwe? Ní 2024, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley gbé ìdánwò kan kalẹ̀ tó ń wo bí ẹ̀rọ ṣe ń lo irinṣẹ́. Ó dára pé ó ní ibi tí kò sí irinṣẹ́ kankan tó bá iṣẹ́ mu, tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fura. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ìdánwò náà ń dá lẹ́jọ́: àpèjúwe dúró lójú kan, ẹ̀rọ ló ń yí padà. Lójú tèmi, ó yẹ kí a yí i po. Kí ẹ̀rọ dúró, kí a máa yí gbólóhùn kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ ṣìnà. Gbólóhùn tí a bá yọ tí kò sí ohun tó yí padà, ọ̀ṣọ́ ni. Ìmọ̀ràn tí Anthropic gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 sún mọ́ èyí: kí a dán irinṣẹ́ wò, kí a tún àpèjúwe rẹ̀ kọ, kí a tún dán an wò. Wọ́n tún ní kí a ṣàpèjúwe rẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ tuntun. Mo fara mọ́ ọn dé ààyè kan. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé òṣìṣẹ́ tuntun, ojú rẹ̀ yóò sọ.

Ibi tó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa jù ni pé àpèjúwe lè wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí iṣẹ́ tí a rán ẹ̀rọ sì wà ní Yorùbá, láìsí àmì ohùn. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ pé ‘gbe iwe yii kuro nibe’, ṣé kí ẹ̀rọ gbé e lọ síbòmíràn ni, àbí kí ó pa á rẹ́? ‘Fi pamọ́’ ń kọ́? Ó lè jẹ́ kí a tọ́jú ohun tí a kọ kí ó má baà sọnù. Ó sì lè jẹ́ kí a gbé e síbi tí ojú ẹlòmíràn kò ní tó o. Olùkọ́ tó ní ìbéèrè ìdánwò lọ́wọ́ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Àpèjúwe tó kàn sọ pé irinṣẹ́ kan ń kọ fáìlì kò lè ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Èyí tó bá sọ ohun tí yóò kù lẹ́yìn iṣẹ́, pé fáìlì yóò ṣì wà tàbí kò ní í sí mọ́, pé a lè dá a padà tàbí a kò lè dá a padà, yóò ràn án lọ́wọ́ dé ìwọ̀n kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ti kọ́ nípa pọ́n-na mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí. Igba gbólóhùn onípọ́n-na láti ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irinṣẹ́ tó tọ́ sí i àti èyí tí kò tọ́, tó láti fi bẹ̀rẹ̀.