Ọkàn Tí Kò Balẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Orí Kẹfà Ìwé Gita

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wa kan yóò béèrè ohun tí ó pa ẹgbẹ́ Yorùbá pọ̀ mọ́ ìwé àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Ọ̀rọ̀ èdè ni. Orí 18 ni Bhagavad Gita ní. Nínú ìkẹfà ni Krishna ti ń kọ́ Arjuna bí ènìyàn ti í mú ọkàn rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Bí a bá ní kí a túmọ̀ ẹ̀kọ́ yìí, àṣàrò ni yóò kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu, nítorí Bíbélì ti sọ ọ́ mọ́ wa létí. N kò rò pé ó tọ̀nà. Ẹni tí ń ṣe àṣàrò mú ọ̀rọ̀ kan, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Krishna ní kí ènìyàn jókòó síbi mímọ́, kí ó na ẹ̀yìn àti ọrùn ró ṣánṣán, kí ó tẹjú mọ́ góńgó imú rẹ̀, títí kò fi ní ro ohunkóhun mọ́. Ìfọkànbalẹ̀ ni ó sún mọ́ ìyẹn. Ọkàn a máa balẹ̀ bí ẹyẹ ti í balẹ̀.

Ìwé náà kò fi ọkàn wé ẹyẹ. Ó fi í wé fìtílà tí a gbé síbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Àfiwé náà dára, ṣùgbọ́n ó rọrùn jù: gbé fìtílà wọ yàrá, ti ilẹ̀kùn, ó parí. Ẹyẹ ní ojú, ó sì ní etí. Yóò wo ilẹ̀ kí ó tó bà.

Ìgangan ni mo ti kà á, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021. Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún náà ni àwọn agbébọn wọ ìlú wa. Wọ́n pa ju ènìyàn 10 lọ, wọ́n sì dáná sun ààfin ọba. Lẹ́yìn rẹ̀, bí àwo bá já lu ilẹ̀ lóru, gbogbo ilé a dìde. Bàbá mi a máa jókòó lábẹ́ igi mángòrò kan lóko lọ́sàn-án, láìsọ̀rọ̀, láìsùn; kò lọ mọ́. Mo wá kà á níbi tí Krishna ti ní kí ènìyàn wá ibi àdádó, kí ó dá nìkan jókòó. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi. Wọ́n ní, “Ẹni tí ó kọ ìyẹn, ṣé àgbẹ̀ ni?”

Ǹ bá ti pa ìwé náà dé, bí kò bá sí ti Arjuna. Àárín ogun méjì ni òun náà wà, àwọn ẹbí rẹ̀ ni ó sì dojú kọ. Ó ní ọkàn dà bí afẹ́fẹ́, ta ni yóò mú un? Ẹ kíyè sí i: afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́yìn òde fìtílà lẹ́ẹ̀kan ti di ọkàn fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn kò ràn án mọ́. Krishna kò sì bá a wí. Ó gbà pé ó ṣòro, pé àfi kí ènìyàn máa ṣe é léraléra, kí ó sì jọ̀wọ́ ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́. Níbẹ̀ ni ìwé náà ti tó gbọ́n lójú mi. Ti ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ nìkan ni n kò lè gbà tán: kí ilẹ̀ mọ́ bá ọmọ ẹni láyè kì í ṣe ohun tí a lè ní kí ará Ìgangan jọ̀wọ́.

Ẹni tí yóò túmọ̀ orí yìí, kí ó fi fìtílà sílẹ̀ bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan Arjuna, kí ó jẹ́ kí ó sọ ọ́ bí a ti ń sọ ọ́ nílé: ọkàn mi kò balẹ̀.