Ojú Ta Ni A Fi Ń Tọrọ Owó?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó. Gbogbo ẹgbẹ́ aláàánú ayé ló mọ òwe yìí, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Wọ́n mọ̀ pé ìtàn ni í jẹ́ kí ènìyàn tọwọ́ bọ àpò. Ìdí nìyẹn tí Facebook àti WhatsApp wa fi kún fún àwòrán ọmọdé tó ń sunkún. N kò bá wọn jà pé wọ́n ń sọ ìtàn. Ohun tí mo fẹ́ bi wọ́n, tí mo sì fẹ́ bi àwa náà, ni pé: ta ló ni ìtàn ọ̀hún?

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó lókìkí jù lọ nílẹ̀ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, 2014, àwọn Boko Haram jí ọmọbìnrin 276 kó ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Chibok, ìpínlẹ̀ Borno. Oby Ezekwesili, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà kan rí, ké gbàjarè ní Port Harcourt. Agbẹjọ́rò kan, Ibrahim Abdullahi, sì gbé igbe náà sórí Twitter, tí wọ́n ń pè ní X lónìí: #BringBackOurGirls. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Michelle Obama, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, fi kọ ọ́ sórí bébà, tó gbé e dání fún gbogbo ayé rí.

Ẹ wo ọgbọ́n inú gbólóhùn náà. Wọn kò ní ‘ẹ dá àwọn ọmọ Chibok padà’. ‘Ọmọ wa’ ni wọ́n wí. Ìyá tó wà ní Èkó, bàbá tó wà ní London, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ gbogbo wọn di òbí. Wọn kò sì fi mọ sórí fóònù. Wọ́n ń pé jọ ní Unity Fountain ní Àbújá nínú aṣọ pupa, àwọn òbí Chibok sì ń fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀.

Ibi tí ó ti bàjẹ́ nìyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àwòrán àwọn ọmọbìnrin kan ń tẹ̀lé gbólóhùn yìí káàkiri, àwọn olókìkí sì ń pín in. Ami Vitale, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tó ya wọ́n, ló figbe ta: ní Guinea-Bissau ni òun ti yà wọ́n lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò jí wọn gbé! Láti ibẹ̀ dé Chibok ju 2,000 kìlómítà lọ. Àwọn tó pín in kì í ṣe ìkà, àánú ló ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n àánú tí kò bèèrè orúkọ ọmọ, ojú ọmọ èyíkéyìí ló tó o. Bí irọ́ bá sì lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa ní Benin. Láti 2017 ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ Edo padà láti Libya. Kò yẹ kí ọmọbìnrin tó ń gbìyànjú láti tajà ní Ramat Park bá ojú ara rẹ̀ pàdé lórí fóònù oníbàárà, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó rí nínú aṣálẹ̀. Ọ̀nà tó sàn wà. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aṣíkiri, IOM, ṣe ètò kan ní Nàìjíríà, Senegal àti Guinea tí wọ́n pè ní Migrants as Messengers. Àwọn tó dé láti ìrìn-àjò náà fúnra wọn ni wọ́n kọ́ láti máa fi fóònù gba ìtàn ẹlẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Lóòótọ́, kí ọ̀dọ́ má gba ọ̀nà yẹn mọ́ ni ètò náà ń fẹ́, ó sì ní irú ìtàn tó ń wá. Síbẹ̀, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́.

Àwa náà ńkọ́? Mo wà níbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń pín ìrẹsì fún àwọn opó. Wọ́n ní kí wọ́n tò, kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ìyá kan fi ìborùn bojú. Wọ́n ní kó ṣí i. Ó gbé ìrẹsì náà sílẹ̀, ó sì lọ sílé. N kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó ń dùn mí títí dòní.

Bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun máa ràn wá lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn, ṣùgbọ́n ká tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ká sọ iye tó wọlé àti ohun tí a fi ṣe. Ká sì padà wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ọmọ Chibok 21 jáde ní oṣù kẹwàá 2016, 82 tún jáde ní oṣù karùn-ún 2017. Nígbà tó pé ọdún 10 ní 2024, àwọn tí a kò tíì rí ju 80 lọ. Mélòó nínú àwọn tó pín àwòrán ló mọ̀?

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí a tó ya ojú ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ojú náà dáadáa.