Ẹsẹ̀ ti San, Ọkàn Ńkọ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe ìwé ìtàn ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ lónìí, kì í sì í ṣe eré orí ìtàgé. Ìròyìn agbábọ́ọ̀lù tó fara pa, bí a ti ń kà á nínú ìwé ìròyìn tí a sì ń gbọ́ ọ lórí rédíò, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Gbólóhùn mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀: Lágbájá ṣèṣe lórúnkún, yóò sinmi fún oṣù mẹ́fà, ó ti padà sórí pápá. Ó parí! Àfi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ mọ́tò tó wọ ọgbà mẹkáníìkì tó sì tún jáde. Bẹ́ẹ̀ mọ́tò kì í rántí ibi tí táyà rẹ̀ ti bẹ́. Ọmọ ènìyàn ń rántí.

Ẹ jẹ́ ká mú Ronaldo ọmọ Brazil. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Inter Milan, iṣan orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ nínú ìdíje pẹ̀lú Lecce. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2000, ó padà wọ pápá ní ìlú Róòmù láti kojú Lazio. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló lò tí orúnkún kan náà fi tún yẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ní 2002, ó gbá góòlù mẹ́jọ nínú ìdíje Ife Àgbáyé, méjì nínú wọn sì ni Brazil fi na Jámánì ní àṣekágbá. Àwọn oníròyìn kọ ọ́ bí ìtàn ẹni tó jí dìde. Ṣùgbọ́n ẹ rántí irun rẹ̀: ó fá orí, ó dá díẹ̀ sí níwájú bí irun ọmọdé. Òun fúnra rẹ̀ padà sọ pé itan ń dun òun nígbà náà, ìpalára òun nìkan ni gbogbo ayé sì ń sọ; òun gẹ irun bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ni. Ẹ ò rí nǹkan? Ọkùnrin tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ń sá fún, ìbéèrè àwa oníròyìn ni òun ń sá fún.

Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Àkójọ ìwádìí kan jáde ní 2014 lórí àwọn eléré ìdárayá tí wọ́n tún iṣan inú orúnkún wọn ṣe. Nínú 100, nǹkan bí 81 ló padà sí eré ìdárayá kan tàbí òmíràn, ṣùgbọ́n nǹkan bí 55 péré ló padà sí ìdíje gidi. Ìbẹ̀rù pé yóò tún já wà lára ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Síbẹ̀, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó gbọ́ lórí ìjókòó: "Ẹ yọ ọ́ kúrò jàre, ojo ni!"

Victor Osimhen, ọmọ Èkó, òun àti agbábọ́ọ̀lù Inter kan forí gbárí ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti àyíká ojú rẹ̀ fọ́. Ó dé ìbòjú padà sórí pápá ní oṣù kìíní ọdún 2022. Egungun san, ìbòjú kò kúrò. Òun ló dé tó fi gbá góòlù 26 tí Napoli fi gba líìgì ní 2023, tí àwọn ọmọdé Naples náà sì ń dé tiwọn kiri ìgboro. Àwọn kan ní oge ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Orí ni ọmọkùnrin yìí fi ń jẹun. Bí ohun tí a so mójú bá jẹ́ kí ènìyàn lè fi orí lé bọ́ọ̀lù láìwẹ̀yìn, ó ti di oògùn.

Àwọn wọ̀nyí lówó, wọ́n ní dókítà. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilé wa ńkọ́? Mo ti bá irú wọn jókòó rí. Ìrora ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Wọ́n á ní owó oṣù ti dáwọ́ dúró, ọ̀rẹ́ ò wá mọ́, ẹnikẹ́ni ò pe ìnagijẹ àwọn ládùúgbò mọ́. Bí ilé bá sì dákẹ́, aládùúgbò á ní ayé ló ṣe é. Ọgbẹ́ kejì nìyẹn, kò sì sí bándéèjì tó lè dì í.

Mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ tà, mo sì mọ̀ pé ẹni tó sanwó wọlé fẹ́ rí góòlù. Ṣùgbọ́n kí ló ná wa láti bi ọmọ náà bóyá ó ń rí oorun sùn, kí a tó bi í pé ọjọ́ wo ló ń padà bọ̀? Akọ̀ròyìn tó bá béèrè èyí yóò ní ìròyìn tó ju gbólóhùn mẹ́ta lọ.