Ta Ni Ó Kó Àwọn Ẹrú Náà Wá?
Àyẹ̀wò Eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Ní àìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Alákìá, ní ẹ̀bá Ìbàdàn, ṣe eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Mo wà níbẹ̀, nítorí pé Alákìá ni ilé wa. Èrò pọ̀ púpọ̀. Àwọn tí wọ́n ń ti oko bọ̀ kò dé ilé kí wọ́n tó yà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa Adétutù, obìnrin kan tí ó wà níwájú mi fi ìborùn nu ojú. Nígbà tí Látóòṣà àti àwọn ìjòyè borí Ẹfúnṣetán, tí wọ́n sì tú àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo òde pàtẹ́wọ́. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó jókòó tì mí kò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó sì bi mí pé, "Ìwọ ọmọ yunifásítì, ta ni ó kó àwọn ẹrú náà wá?"

N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ará, èsì tí ó yẹ kí n fọ̀ ni mo kọ síhìn-ín.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí ẹni tí ó kọ eré náà. Ìṣọ̀lá kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ oko Ìbàdàn. Ní abúlé Lábọ́dẹ, ní ẹ̀bá Ìbàdàn, ni a gbé bí i ní 1939. Akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa ni ó jẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 nígbà tí ó kọ ìwé yìí. Eré náà gba ẹ̀bùn Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ní 1966, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970. Ní 1981, ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe é ní pápá Liberty ní Ìbàdàn níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, wọ́n sì ti sọ ọ́ di sinimá pẹ̀lú. Òǹkọ̀wé náà ti re ibi àgbà ń rè ní 2018, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Bí o bá dárúkọ Ẹfúnṣetán láàrin ènìyàn mẹ́wàá lónìí, ó ṣòro kí o rí ẹyọ kan tí ó mọ̀ ọ́n láti inú ìwé ìtàn. Inú eré yìí ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ohun tí eré yìí bá sọ nípa rẹ̀ ni ó di òótọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹrù ńlá ni èyí lórí ìwé kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a fi iyì fún ẹni tí iyì tọ́ sí. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí a kọ nípa ogun ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ balógun ni ó kún ojú ewé. Ẹrú kì í ní orúkọ níbẹ̀. Iye ni wọ́n máa ń ka ẹrú, bí ẹni ń ka iṣu. Ìṣọ̀lá mú ọ̀kan nínú wọn, ó sọ ọ́ ní Adétutù, ó fún un ní olólùfẹ́ tí ó ń jẹ́ Ìtáwuyì, ó fi oyún sí i nínú, ó sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ikú tó dé. Àwọn àgbà ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Òwe yìí ni òǹkọ̀wé náà mú, tí ó sì sọ di ènìyàn ẹlẹ́ran-ara. Ẹkún obìnrin tí ó wà níwájú mi ní Alákìá, ẹkún tí ìyá Adétutù kò rí àyè sun ni. Ẹni tí ó bá bu ẹnu àtẹ́ lu eré yìí láìkọ́kọ́ sọ èyí kò ṣe òdodo.

Ṣùgbọ́n ta ni Ẹfúnṣetán nínú ìtàn? Ayé Ọbabìnrin Victoria ni ayé rẹ̀, ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, tí ogun kò sì kúrò ní ilẹ̀ wa. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ó wá sí Ìbàdàn, ó ṣòwò, ó là, ó sì jẹ Ìyálóde lẹ́yìn Ìyáọlá. Ìyálóde kì í ṣe oyè ọ̀ṣọ́. Ó ń jókòó pẹ̀lú àwọn ìjòyè ìlú, òun ni ó ń sọ tẹnu obìnrin àti ti ọjà. Samuel Johnson kọ ọ́ pé ẹrú rẹ̀ tó 2,000 ní oko nìkan, láìka àwọn ti ilé, àti pé ó ní àwọn ọmọ ogun àti olórí ogun tirẹ̀. Kí ni ẹrú 2,000 ń ṣe lóko? Wọ́n ń gbin oúnjẹ tí ìlú àti ibùdó ogun ń jẹ, wọ́n sì ń pèsè ẹrù tí a ń rù lọ sí etí òkun láti fi ra ìbọn àti ẹ̀tù. Ìbàdàn kò ní etí òkun, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì lè ti ọ̀nà mọ́ ọn nígbàkigbà tí inú bá bí wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lè wá ẹ̀tù wọ Ìbàdàn, tí ó sì lè tà á ní àwìn fún ológun, agbára ọwọ́ rẹ̀ kò kéré sí ti ẹni tí ó ń gbé idà.

Johnson kò fi ìwà ìkà rẹ̀ pamọ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1860, Johnson sì sọ pé láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ti dojú rú, tí ó fi ń fi ojú ẹrú rẹ̀ tí ó bá lóyún rí màbo. Mo gbà á gbọ́. Johnson gbé Ìbàdàn láàrin àwọn ọdún wọ̀nyẹn, kì í ṣe ará ọ̀nà jíjìn tí ó gbọ́ ọ ní àgbọ́sọ.

Ṣùgbọ́n Johnson kan náà ni ó sọ ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látóòṣà kà sí i lọ́rùn nígbà tí ó fẹ́ yọ ọ́ lóyè. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni: pé kò bá Ààrẹ lọ sí ogun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i ní ibùdó ogun, pé kò jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi láti kí i kú àbọ̀. Ẹ tún un kà. Kò sí ẹrú nínú rẹ̀. Kò sí aboyún tí a pa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tù, owó àti ìforíbalẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1874, wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́. Kò tó oṣù méjì àbọ̀ lẹ́yìn náà tí àwọn ẹrú rẹ̀ méjì gba orí àjà wọ iyàrá rẹ̀ lóru, tí wọ́n sì pa á lórí ibùsùn. Nígbà tí a ṣe ìwádìí, ó hàn pé Kúmúyìílọ, ọmọ tí ó gbà tọ́, ni ó rán wọn; ẹni tí ó wà lẹ́yìn Kúmúyìílọ sì ni Ààrẹ. Ẹrú méjèèjì ni a pa. Ààrẹ padà sórí ìjókòó rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí eré náà ṣe sí èyí. Nínú eré, Látóòṣà kó àwọn ìjòyè àti ará ìlú lẹ́yìn, ó wọ ilé Ẹfúnṣetán nítorí ìkà rẹ̀, ó sì tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Ẹfúnṣetán kò lè fara da ìtìjú, ó sì fi májèlé pa ara rẹ̀. Pípa lóru di ìdájọ́ ní gbangba. Ẹni tí ó rán apànìyàn di ẹni tí ó gba ẹrú là. Ibí yìí ni ìbéèrè bàbá Alákìá ti wọlé. Látóòṣà ni olórí ogun Ìbàdàn láti nǹkan bí 1871 títí ó fi kú sí ogun Kírìjì ní 1885. Ogun tí òun àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ jà ni ó fọ́ ìlú àwọn bàbá Adétutù, ni ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ni ó sì mú un wọ ọjà tí Ẹfúnṣetán ti rà á. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, kí a bá agbepo wí. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹni tí ó gbé e ṣe adájọ́ ẹni tí ó gbà á.

Ẹnìkan lè sọ pé eré kì í ṣe ìwé ìtàn, àti pé òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ láti yí nǹkan padà. Mo fara mọ́ ọn. Bí òǹkọ̀wé bá sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ di ọjọ́ méjì, tàbí tí ó dá ènìyàn tí kò sí rí, kò sí ẹni tí yóò pè é lẹ́jọ́. Àárò mi ni pé ìyípadà yìí pa eré náà fúnra rẹ̀ lára. Ẹrú ni Ìṣọ̀lá ń káàánú. Bí ó bá jẹ́ pé ó tẹ̀lé ìtàn dé òpin, àánú náà ìbá jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fojú inú wò ó: ẹrú méjì tí olówó wọn ti fi ojú wọn rí nǹkan, olówó mìíràn wá rán wọn níṣẹ́ ikú. Wọ́n jẹ́ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, àwọn olówó jókòó, wọ́n dá ẹjọ́, wọ́n sì pa ẹrú nítorí iṣẹ́ tí olówó rán wọn. Kò sí ibi tí a ti lè rí ipò ẹrú kedere jù báyìí lọ. Dípò rẹ̀, a fún wa ní àtẹ́wọ́. A sì gbàgbé láti béèrè pé, àwọn ẹrú tí Látóòṣà tú sílẹ̀ nínú eré, oko ta ni wọ́n lọ? Látóòṣà inú eré náà kò sì ní ẹran lára: ó bínú, ó ṣẹ́gun, ó tán. Látóòṣà inú ìtàn, ẹni tí ìbẹ̀rù àwọn ìjòyè alágbára kò jẹ́ kí ó sùn, ẹni tí Ìyápọ̀ Sẹ̀ríkí, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé, pa ara rẹ̀ lábẹ́ ìjọba rẹ̀, òun ni ìbá kojú Ẹfúnṣetán ní orí ìtàgé bí akọ bá akọ.

Pé Ìṣọ̀lá lè ṣe é kò ṣòro láti fi hàn. Ní 1983 ó tẹ Olú Ọmọ jáde, eré lórí Tinúbú. Ìgbà kan náà ni òun àti Ẹfúnṣetán gbé ayé. Òun náà ta ẹrú, òun náà ta ohun ogun. Wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856, ó di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, ó kú ní 1887. Níbẹ̀, òǹkọ̀wé wo obìnrin gẹ́gẹ́ bí olóṣèlú, ó sì rí àwọn tí ó ń bá a jìjàdù agbára. Ọ̀dọ́mọdé ni ó kọ ti Ẹfúnṣetán, àgbà ni ó kọ ti Tinúbú.

Láti ìgbà tí Bọ́láńlé Awẹ, onímọ̀ ìtàn, ti tún ìtàn Ẹfúnṣetán gbé yẹ̀ wò nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1992, tí ó sì fi ìṣèlú inú rẹ̀ hàn, àwọn kan ti ń fẹ́ wẹ Ẹfúnṣetán mọ́ pátápátá. Wọ́n ní nítorí pé obìnrin ni, ọkùnrin parọ́ mọ́ ọn. Èmi kò bá wọn dé ibẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí a bá sì kọ̀ láti gbọ́ ti Látóòṣà nìkan, kí a má lọ gbọ́ ti Ẹfúnṣetán nìkan. Ẹrú 2,000 kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹjọ́ náà kárí gbogbo ẹni tí ó jẹ nínú rẹ̀.

Èéṣe tí èyí fi ká bàbá yẹn lára? Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Alákìá, Ẹgbẹ́dá àti àwọn abúlé àyíká wọn yóò mọ̀ ọ́n. Oko ni ilẹ̀ yìí kí pápá ọkọ̀ òfuurufú tó dé. Ọmọ olóko, ọmọ ìwọ̀fà àti ọmọ ẹrú ti di àna ara wọn, wọ́n ti jọ ń sin òkú ara wọn. A kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bí bàbá ńlá rẹ̀ ṣe dé oko. Ìwà ọmọlúàbí ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ nílé, orí ìtàgé nìkan ni ó kù tí a ti lè gbọ́ ọ. Bí orí ìtàgé bá sọ fún wa pé obìnrin burúkú kan ṣoṣo ni ó fa gbogbo rẹ̀, àwa yòókù a lọ sùn ní àlàáfíà.

Mo padà tọ bàbá náà lọ ní ọjọ́ kejì ọjà. Mo ní, "Bàbá, àwọn tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ nínú eré ni wọ́n kó wọn wá." Ó ní òun mọ̀, òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé ni. Lẹ́yìn náà ó béèrè orúkọ ọmọbìnrin tí ó ṣe Adétutù, nítorí pé ó ṣe é dáadáa.